Bátìrì Tó Ti Lọ Sílẹ̀ Ni Kí Ẹ Fi Dán Ọkọ̀ Wò

Láti 29 May 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ọkọ̀ ti yí padà. Ẹni tí kì í béèrè iye epo tí ọkọ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè báyìí, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n máa wá ọkọ̀ tó ń lo epo tó tún ń lo iná láàárín àwọn tòkunbọ̀. Oríṣi méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń fi ẹ́ńjìnì àti bíréèkì rẹ̀ ṣáàjì bátìrì ara rẹ̀, bíi Toyota Camry háíbíríìdì. Èkejì ní ojú tí a ń ki wáyà iná bọ̀, bátìrì rẹ̀ sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Háíbíríìdì oníṣáàjì ni màá máa pe èyí. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, pàápàá lórí ìgbéra rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń yára gba eré tó nígbà tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sílẹ̀ nípa ìgbéra kò lè sọ fún ará Ọ̀fà èwo nínú ọkọ̀ méjì ló yẹ kó rà, àfi tó bá wádìí ohun tí iye náà ń dà nígbà tí iná inú bátìrì bá ti lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú salúùnù méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, tí Jámánì ṣe méjèèjì: Mercedes-Benz C350e àti BMW 330e, àwọn ti nǹkan bí ọdún 2016. Mercedes sọ pé láti ibi tí C350e ti dúró jẹ́ẹ́ títí eré rẹ̀ fi dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 5.9 ni. BMW ní 6.1 ni ti 330e. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan yóò ní Mercedes ló yára jù, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ló tó? Ní eré 100, ọkọ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àlàfo àárín wọn kò ju mítà márùn-ún àbọ̀ lọ, ìyẹn gígùn ọkọ̀ kan àti díẹ̀ sí i. Táyà tó ti jẹ, yanrìn lójú títì, èrò méjì tó jókòó sẹ́yìn, àpò gàárì nínú búùtù, èyíkéyìí nínú wọn lè gba mítà márùn-ún yẹn lọ́wọ́ Mercedes. Mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pa. Òótọ́ ni iye náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni: ọjọ́ tí bátìrì kún, tí ọkọ̀ jẹ́ tuntun, tí ọ̀nà sì tẹ́jú.

Ibi tí agbára náà ti ń wá ló yẹ ká wò. Àwọn méjèèjì ní ẹ́ńjìnì epo onílítà méjì tó ní tọ́bò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná kan há àárín ẹ́ńjìnì àti gíà. Agbára ẹṣin 211 ni ẹ́ńjìnì Mercedes ní, ti BMW jẹ́ 184. Kìlówáàtì 60 ni ẹ̀rọ oníná ti Mercedes, ti BMW jẹ́ 65. Nígbà tí epo àti iná bá jọ ń ṣiṣẹ́, Mercedes ń gbé agbára ẹṣin 279 jáde, BMW ń gbé 252. Ẹ̀rọ oníná yìí ló ń mú kí ọkọ̀ náà fò dìde, torí pé agbára tó fi ń yí táyà kì í dúró de eré. Ẹ́ńjìnì epo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí dáadáa, kí tọ́bò rẹ̀ kún fún atẹ́gùn, kó tó lè lo gbogbo ipá rẹ̀. Ẹ̀rọ oníná ti ní gbogbo ipá tirẹ̀ lọ́wọ́ kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòroó yé ará Ọ̀fà, ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀. Ìdìmú àkọ́kọ́ wà tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ kó tó mọ̀, èémí sì wà tó ń jẹ́ kí oníjàkadì dúró dé òpin. Ẹ̀rọ oníná ni ìdìmú, ẹ́ńjìnì ni èémí, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé sì jẹ́ ti ẹni tí méjèèjì pé sí lára.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú iná kúrò ká wo ohun tó kù. Mercedes tẹ̀wọ̀n tó bíi kìlógíráàmù 1,700, BMW bíi 1,660. Tí bátìrì bá kún, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lára Mercedes ní agbára ẹṣin 164 tó ń gbé e, ti BMW ní 152. Mercedes fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ta BMW yọ. Tó bá ku ẹ́ńjìnì nìkan, Mercedes á ní 124 lórí tọ́ọ̀nù kan, BMW á ní 111, ìyàtọ̀ náà á sì ti di nǹkan bí ìdá 12. Ẹ ò rí i pé àwọn ọkọ̀ méjì tí ìwé sọ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ń jìnnà síra bí iná ṣe ń tán. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra BMW ronú sí. BMW 320i ìgbà náà, tí kò ní bátìrì ńlá kankan, ní agbára ẹṣin 184 kan náà, ó sì fúyẹ́ ju 330e lọ ní ohun tó lé ní igba kìlógíráàmù. Èyí túmọ̀ sí pé 330e tí iná rẹ̀ ti tán jẹ́ 320i tó gbé àgbàlagbà mẹ́ta sẹ́yìn láìgba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó sanwó nítorí 6.1 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lè máa wa ọkọ̀ tó lọ́ra ju èyí tí kò ní iná rárá lọ.

Àwọn tó mọ ọkọ̀ dáadáa yóò dá mi lóhùn níbí, ìdáhùn wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní bátìrì háíbíríìdì kì í tán pátápátá, pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sísàlẹ̀, àti pé gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ni iná ń padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni. Kódà ìṣirò fara mọ́ wọn. Agbára tí ọkọ̀ oníkìlógíráàmù 1,700 ń gbà sára kí eré rẹ̀ tó dé 100 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì iná, irú yúníìtì tí a ń rà sórí mítà ilé, ẹ́ńjìnì epo ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bátìrì BMW gba yúníìtì 7.6, ti Mercedes gba 6.2. Nítorí náà, ìwọ̀nba tó wà ní ìpamọ́ tó láti gbé ọkọ̀ kọjá tírélà kan, bóyá méjì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá tírélà kan ṣoṣo pàdé ní ọ̀nà tiwa? Ìpamọ́ náà jẹ́ ti ọkọ̀ tó ṣe ìgbéra kan, tó wá ní àyè láti gbà á padà. Níbi tí ọkọ̀ ẹrù mẹ́rin bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀nà ń gun òkè, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí èrò márùn-ún jókòó, ìgbéra kẹta kì í rí bí àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ èyí. Chevrolet Volt ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní ìparí 2010, ní bọ́tìnì kan fún òkè gígùn, tí wọ́n sọ ní Mountain Mode, tó ń fi iná tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pamọ́ kí awakọ̀ tó dé ẹsẹ̀ òkè. Wọn ì bá má wulẹ̀ fi bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ ká ní ìpamọ́ lásán tó.

Àtakò kejì ni pé, ta ló ń sá 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ní Ọ̀fà? Ìbéèrè tó dára ni, èmi náà rò pé iye yẹn kò wúlò fún wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn FRSC, fi 50 ṣe òpin eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìlú, 80 ní ọ̀nà gbogboogbò, 100 sì ni òpin ní ọ̀nà márosẹ̀ alápá méjì. Ọ̀nà wa sí Ìlọrin, tí ọkọ̀ ń lọ tí òmíràn ń bọ̀ lójú títì kan náà, kò sí nínú ti 100. Nítorí náà, ìgbéra tó kàn wá ni ti láti 50 dé 80, nígbà tí a bá fẹ́ kọjá lára tírélà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní tírélà kan tó gùn ní mítà 17 ń lọ ní eré 50. Ọkọ̀ yín wà ní mítà 20 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì fẹ́ wọlé padà nígbà tí ẹ bá ti fi mítà 20 síwájú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gba eré láti 50 dé 80, gbogbo ìkọjá náà, tí a bá ka gígùn ọkọ̀ yín mọ́ ọn, yóò gba nǹkan bíi 8.9. Tó bá jẹ́ pé iná ti lọ sílẹ̀, tí ìgbéra kan náà wá gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, yóò di 9.4. Ó dà bíi pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ni ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ níwájú yín ní eré 80. Tí ẹ bá ro ọ̀nà tí ẹ̀yin fi rìn pọ̀ mọ́ èyí tí òun fi rìn, ẹni tí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ nílò mítà 18 ju ẹni tí tirẹ̀ kún lọ, tírélà gbáko kan. Ẹ wá fi ìṣirò kan náà wọn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ Mercedes sí BMW tí àwọn méjèèjì bá kún: kò tó mítà méjì. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí láàárín ọkọ̀ méjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ohun tó lè yàtọ̀ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín ìgbà tó kúrò nílé àti ìgbà tó dé ibi tírélà.

Èyí náà ni mo fi ń dá àwọn tó ń sọ pé eré ló ń pa èèyàn lóhùn, pé kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ ìgbéra rárá. Mo wà lẹ́yìn wọn lórí eré. Kò sí ìdí kankan láti kọjá òpin tí òfin fi lélẹ̀. Àmọ́ ìgbéra kì í ṣe eré. Òun ni bí àkókò tí èèyàn fi wà ní apá ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣe kéré tó, ẹni tó mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe mọ́ ni yóò sì lè pinnu láti dúró sẹ́yìn tírélà. Ewu háíbíríìdì oníṣáàjì gan-an ni pé ó lè tan awakọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ti fi ọ̀wúrọ̀ gbádùn bí ọkọ̀ náà ṣe ń fò dìde nígbà tí bátìrì kún. Ó tẹ tọ́tù bákan náà ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kò sì dáhùn bákan náà.

Ọ̀rọ̀ iná ìlú ló wá kàn, ibi tó sì ti kan wa jù nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà wọn iye tí BMW 330e lè fi iná nìkan rìn, wọ́n ní máìlì 14 ni, nǹkan bíi kìlómítà 22. Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin lé ní àádọ́ta. Tí awakọ̀ bá jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi iná rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, bátìrì yóò ti lọ sílẹ̀ kó tó jìnnà sí Àjàsẹ́-Ìpo, ibi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ yìí máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó lo iná tán kó tó fọwọ́ kan epo. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó ń lọ láti Federal Polytechnic sí ọjà Ọba lójoojúmọ́; kò dára fún ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin. BMW ní bọ́tìnì tó ń fi iná pamọ́, wọ́n kọ Save Battery sí i; Mercedes ní E-Save tirẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ilé, kí ìdìmú àkọ́kọ́ yẹn lè wà lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀. Ní ti iye tó ń náni, kì í ṣe owó ni ìṣòro. Láti April 2024 tí àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ti gbé owó iná Band A sókè, ó ti wà láàárín 206 sí 225 náírà ní yúníìtì kan lọ́dún yẹn, nítorí náà bátìrì BMW kò gbà tó ẹgbẹ̀rún méjì náírà láti kún nígbà náà, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ sì tó o lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Ṣùgbọ́n wákàtí 20 lóòjọ́ ni Band A. Band D jẹ́ wákàtí 8, Band E jẹ́ 4, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí pé àwọn wákàtí náà máa tẹ̀léra wọn. Ẹni tí IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, fi sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò ní sólà, yóò máa wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tó lọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọdún. Jẹnẹrétọ̀ kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, torí epo tí à ń sá fún ni yóò máa mu láti fi ṣáàjì ọkọ̀ tó lè mu epo fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ orí tún wà. Ọkọ̀ 2016 ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí kó ti kọjá bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe iye tó ń gbà nìkan ló ń dín kù. Bí bátìrì ṣe ń gbó ni kì í lè tú agbára jáde kíákíá mọ́, títú agbára jáde kíákíá sì ni ìgbéra. Ooru tiwa ń dá kún un, nítorí kọ̀ǹpútà á dín agbára kù tí bátìrì bá gbóná jù. Ní BMW 330e, gáàsì AC náà ló ń tu bátìrì lára. Ẹni tó bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí AC rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tó ń sọ pé òun lè fara da ooru, kò mọ̀ pé bátìrì kò lè fara dà á ní tirẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì wa gbọ́ èyí dáadáa.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n mú nínú àwọn méjèèjì, màá kọ́kọ́ béèrè bí iná ṣe rí ládùúgbò ẹni tó ń rà á. Ẹni tó ní iná gidi nílé àti níbi iṣẹ́, BMW kò bu ú kù rárá. Bátìrì rẹ̀ tó tóbi jù yóò pẹ́ kó tó lọ sílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kò sì jẹ́ nǹkan. Ẹni tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, Mercedes ni, nítorí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó lágbára jù kò ní já a kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Kì í ṣe nítorí 5.9. Ẹni tí kò sì ní iná rárá, háíbíríìdì tó ń ṣáàjì ara rẹ̀ ló yẹ ẹ́, kó má ru bátìrì ńlá tí kò ní rí nǹkan fi kún. Volt tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gba ọ̀nà mìíràn: ẹ̀rọ oníná rẹ̀, tó jẹ́ kìlówáàtì 111, ló ń gbé e rìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ẹ́ńjìnì kékeré rẹ̀ sì ni láti máa pèsè iná. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 9 ló fi ń gba eré máìlì 60, ó lọ́ra ju àwọn ará Jámánì méjèèjì lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbéra nígbà tí bátìrì kún kò jìnnà sí bó ṣe ń gbéra nígbà tó bá lọ sílẹ̀. Lójú tèmi, ọkọ̀ tí èèyàn lè fọkàn tán bẹ́ẹ̀ sàn fún ọ̀nà Ìlọrin ju èyí tó yára lówùúrọ̀ tó sì yí padà nírọ̀lẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín jẹ́ kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí bátìrì bá kún àti nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti dá, kí awakọ̀ mú eré láti 50 dé 80, kí ẹlòmíràn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Ẹ ṣe é ní lílọ àti ní bíbọ̀, torí ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò rí lè yí iye padà. Kí èrò tí ẹ máa ń gbé wà nínú ọkọ̀, kí AC sì máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Tí olówó ọkọ̀ bá kọ̀, tó ní kíkún nìkan ni òun fẹ́ kí ẹ fi dán an wò, ẹ bẹ mẹkáníìkì tó ní sikáánà kó bá yín ka bí bátìrì náà ṣe lera tó kí ẹ tó tún dá owó kankan lé e.